Igi Gogoro Má Gùn Mí Lójú: Ìtàn Àtakò sí Ọkọ̀ Ojú Irin Honolulu ní Erékùṣù Oʻahu

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin ìlú Honolulu, tí wọ́n sọ ní Skyline, kó èrò fún ìgbà àkọ́kọ́. Orí afárá gíga ni ó gbà láti East Kapolei dé ẹ̀bá pápá ìṣeré Aloha Stadium, ìrìn tí kò pé máìlì 11, tí ibùdókọ̀ 9 sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò ní awakọ̀; ẹ̀rọ ni ó ń darí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dé àárín gbùngbùn Honolulu, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń lọ sí ibẹ̀ ní láti sọ̀ kalẹ̀ kí ó tún wọ bọ́ọ̀sì. Ọdún 56 ti kọjá nígbà náà láti ìgbà tí ìwádìí àkọ́kọ́ ti dá a lábàá pé kí erékùṣù náà ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìtàn àwọn tí ó ta ko iṣẹ́ yìí ni àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ìjà láàrin àwọn tí ó fẹ́ ìlọsíwájú àti àwọn tí kò fẹ́ ẹ ni. Ẹ̀rí inú ìtàn kò ti èrò yìí lẹ́yìn. Lára àwọn alátakò ni a ti rí àwọn tí ó fẹ́ ọkọ̀ ojú irin, tí ó kàn jẹ́ pé wọn kò fẹ́ kí ó gba ojú òfuurufú kọjá láàrin ìlú àti òkun. A rí àwọn tí bọ́ọ̀sì tẹ́ lọ́rùn. A sì rí àwọn tí kò bínú sí ọkọ̀ kankan, àfi ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbẹ́. Ohun tí ó so gbogbo wọn pọ̀ ni ìbéèrè kan nípa àkókò: ṣé kí ìpìlẹ̀ tó wọlẹ̀ ni ó yẹ kí aráàlú mọ iye owó iṣẹ́ àti ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ ni, àbí lẹ́yìn tí òpó bá ti dúró? Àwọn àgbà Yorùbá ti dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Erékùṣù tóóró

Oʻahu ni erékùṣù tí èèyàn pọ̀ sí jù lọ ní ìpínlẹ̀ Hawaiʻi. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan èèyàn ni ó ń gbé orí ilẹ̀ tí kò ju nǹkan bí 600 máìlì níbùú lóròó lọ. Òkè Koʻolau wà lẹ́yìn ìlú, òkun wà níwájú rẹ̀, àárín méjèèjì sì ni Honolulu tẹ́ sílẹ̀ sí bí aṣọ òfì tí ó gùn tí kò fẹ̀. Ìjọba kan ṣoṣo ni ó ń ṣe àkóso ìlú àti gbogbo erékùṣù náà pọ̀. Láti ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ilé ti rọ̀ díẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ń gba òpópónà H-1 wọ ìlú láràárọ̀, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ibẹ̀ sì ti di ọ̀rọ̀ ìṣèlú láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó tọ́ kí a sọ ohun tí àwọn alátìlẹ́yìn ń rò kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn alátakò. Òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì tí ó ń gbé Waiʻanae, tí ó ń jí ní òru kí ó tó lè dé ibi iṣẹ́, kò ní ibòmíràn tí ọ̀nà tuntun lè gbà fún un. Òkè kò ṣeé tì, òkun kò sì ṣeé rìn. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìkọ́lé náà rí iṣẹ́ ọdún púpọ̀ níbẹ̀. Ìjọba sì ti ń darí ìdàgbàsókè sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ʻEwa, níbi tí Kapolei ti ń dàgbà gẹ́gẹ́ bí ìlú kejì. Àwọn alátakò fèsì pé ibi tí ilẹ̀ oko wà náà ni wọ́n ń darí ọkọ̀ sí. Wọ́n tọ́ka sí Hoʻopili, níbi tí wọ́n ti gbà kí ilé 11,750 dúró lórí ilẹ̀ oko tí ó lé ní 1,500 éékà.

Ìgbà méjì tí rárá dúró

Ní 1967 ni ìwádìí lórí ìrìnnà ní Oʻahu dábàá ọkọ̀ ojú irin. Frank Fasi, tí ó di olórí ìjọba ìlú ní 1969, gbé àbá náà rù. Ó ń tẹ̀ síwájú títí di ìdìbò 1980, nígbà tí Eileen Anderson borí Fasi nínú ìbò abẹ́nú ẹgbẹ́ Democrat. Nígbà tí Anderson gorí àlééfà ní 1981, ó pa àbá náà tì. Àkókò yẹn kan náà ni ìjọba Reagan ń dín owó tí ìjọba àpapọ̀ fi ń ran irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kù.

Fasi padà dé ní 1985, àbá náà sì bá a padà. Lọ́tẹ̀ yìí ìjọba àpapọ̀ ti ṣèlérí ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là, ṣùgbọ́n ìlú náà ní láti mú owó tirẹ̀ wá nípa fífi ìdajì ìdá kan nínú 100 kún owó-orí ọjà. Ní oṣù Kẹsàn-án 1992, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú dìbò lórí owó-orí náà. Ènìyàn 5 sọ pé rárá, 4 sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìbò kan ṣoṣo ni ó dá iṣẹ́ náà dúró.

Ohun kan wà nínú ìgbà méjèèjì yìí tí ó yẹ kí a fọkàn sí. Kò tíì sí òpó kankan nílẹ̀, agbaṣẹ́ṣe kankan kò sì tíì gba owó iṣẹ́ ìkọ́lé. Nítorí náà, rárá tí aráàlú àti àwọn aṣojú wọn sọ ní agbára. Kò ná ìlú ní ohun púpọ̀ ju owó ìwádìí lọ. Lẹ́yìn 2005, irú rárá bẹ́ẹ̀ kò sí mọ́.

Owó-orí kí a tó béèrè

Ní 2005, lábẹ́ Mufi Hannemann tí ó jẹ́ olórí ìjọba ìlú, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ fún Honolulu láṣẹ láti fi ìdajì ìdá kan nínú 100 kún owó-orí tí wọ́n ń gbà lórí káràkátà. Gómìnà Linda Lingle kò fọwọ́ sí òfin náà, kò sì dá a padà. Ó di òfin bẹ́ẹ̀. Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó náà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2007.

Ó yẹ kí a mọ irú owó-orí tí èyí jẹ́. Ní Hawaiʻi, kì í ṣe ọjà inú ṣọ́ọ̀bù nìkan ni ó kàn. Ó wà lórí oúnjẹ, ó wà lórí owó ilé tí ayálégbé ń san, ó wà lórí iṣẹ́ dókítà. Olówó àti tálákà ni ó ń san án bákan náà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó wọ tálákà lára ju olówó lọ. Àwọn alátakò bíi Cliff Slater, oníṣòwò tí ó ti ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ ìrìnnà láti ọjọ́ pípẹ́, sọ pé ẹni tí kò ní wọ ọkọ̀ náà láéláé ni yóò máa sanwó rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ó bá ra ìrẹsì.

Ní 2008, ẹgbẹ́ kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Stop Rail Now kó ìbuwọ́lùwé tí ó lé ní 40,000 jọ kí wọ́n lè gbé ìbéèrè síwájú àwọn olùdìbò. Akọ̀wé ìlú kọ̀ láti gbà á, ó ní àkókò tí wọ́n mú un wá kò bá òfin mu. Ilé-ẹjọ́ pàṣẹ pé kí ó gbà á. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tán, wọ́n ní ìbuwọ́lùwé tí ó tọ́ nínú rẹ̀ kò pé iye tí òfin béèrè. Ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú wá fi ìbéèrè tirẹ̀ sórí ìwé ìbò oṣù Kọkànlá ọdún náà. Ohun tí wọ́n béèrè ni bóyá kí àṣẹ ìjọba ìlú kan kíkọ́ ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ irin rẹ̀ ń yí lórí irin. Nǹkan bí 53 nínú gbogbo 100 tí ó dáhùn sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìbò yìí ni àwọn alátìlẹ́yìn máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí àṣẹ aráàlú, àṣẹ sì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ wo ohun tí kò sí nínú ìbéèrè náà. Iye owó kò sí níbẹ̀. A kò kọ ibi tí ọkọ̀ yóò gbà, a kò sì sọ pé orí òpó ni yóò wà. Owó-orí ti ń wọlé fún oṣù 22 kí wọ́n tó béèrè ohunkóhun. Ní tòótọ́, irú irin tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò fi ṣe ni wọ́n bi aráàlú.

Ẹ̀rí kan tún wà tí ó fi hàn pé kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó mọ ewu tí ó wà nínú owó náà. Kí Gómìnà Lingle tó fi ipò sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2010, ó gbé àwọn onímọ̀ ìṣúná dìde láti yẹ ìṣirò ìlú wò. Àbọ̀ wọn sọ pé iṣẹ́ náà yóò fi ohun tí ó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là ju iye tí ìlú ń kà lọ. Gómìnà tuntun, Neil Abercrombie, fọwọ́ sí àbọ̀ ìwádìí àyíká ní oṣù kan náà. Ní oṣù Kejì 2011, wọ́n fi ọkọ́ kan ilẹ̀ ní East Kapolei.

Egungun inú yanrìn

Àtakò tí ó lágbára jù lọ kò ti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ka owó wá. Ó ti inú ilẹ̀ wá.

Lójú àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Hawaiʻi, egungun òkú, tí wọ́n ń pè ní iwi, ni agbára àti iyì ẹni tí ó kú ń gbé. Èdè wọn fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i: ʻōiwi ni wọ́n ń pe ọmọ onílẹ̀, kulāiwi ni wọ́n sì ń pe ilẹ̀ ìbí ẹni, ọ̀rọ̀ iwi sì wà nínú méjèèjì. Yorùbá tí baba rẹ̀ sin bàbá tirẹ̀ sínú yàrá ilé, tí ó sì mọ̀ pé ojú oórì ni ẹ̀rí pé ilé jẹ́ tẹni, kò ní nílò àlàyé gígùn. Ní Oʻahu, inú yanrìn etí òkun ni wọ́n ti sin ọ̀pọ̀ òkú, Kakaʻako àti àárín ìlú Honolulu sì jẹ́ irú ibẹ̀. Apá yìí gan-an ni ìpẹ̀kun ọ̀nà ọkọ̀ náà.

Òfin ti wà tẹ́lẹ̀ lórí èyí. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ní Honokahua ní erékùṣù Maui, wọ́n hú ọgọ́rọ̀ọ̀rún òkú níbi tí wọ́n fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì sí. Ìbínú àwọn ọmọ ìbílẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n sún hòtẹ́ẹ̀lì náà kúrò, ìpínlẹ̀ sì ṣe òfin ní 1990 tí ó dá ìgbìmọ̀ ìsìnkú sílẹ̀ fún àwọn erékùṣù. Kókó òfin náà ni pé òkú tí a bá ti mọ̀ nípa rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ààbò ju èyí tí katakata bá ṣèèṣì hú jáde lọ. Fún èyí àkọ́kọ́, ìgbìmọ̀ ni yóò pinnu bóyá kí ó wà níbi tí ó wà.

Ohun tí ìlú Honolulu ṣe ni pé ó pín ọ̀nà náà sí apá mẹ́rin, ó ní wọn yóò máa ṣe ìwádìí awalẹ̀pìtàn apá kọ̀ọ̀kan bí iṣẹ́ bá ti ń dé ibẹ̀. Obìnrin kan, ọmọ ìbílẹ̀ tí ìran rẹ̀ ti Kakaʻako wá, pe ìjọba lẹ́jọ́. Native Hawaiian Legal Corporation ni ó ṣe agbẹjọ́rò rẹ̀. Ìjiyàn rẹ̀ rọrùn. Bí ìwọ̀-oòrùn bá ti ní òpó, ta ni yóò lè yí ọ̀nà padà nígbà tí wọ́n bá rí egungun ní ìlà-oòrùn? Òpó tí ó ti dúró yóò ti pinnu ibi tí èyí tí ó kù yóò gbà.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 2012, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Hawaiʻi gbà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn adájọ́ sọ pé ìpínlẹ̀ rú òfin ara rẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí ìwádìí gbogbo máìlì 20 náà tó parí. Iṣẹ́ dúró fún ọdún kan ó lé díẹ̀, títí di oṣù Kẹsàn-án 2013. Àwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún kòtò lójú ọ̀nà náà kí a tó gbà kí katakata padà.

Ẹjọ́ kejì ń lọ lọ́wọ́ nílé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀. Cliff Slater, Ben Cayetano tí ó ti jẹ́ gómìnà, adájọ́ àná Walter Heen, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin Randall Roth àti àwọn ẹgbẹ́ bíi Hawaiʻi's Thousand Friends ni wọ́n pè é ní 2011. Ní oṣù Kọkànlá 2012, Adájọ́ A. Wallace Tashima dá ìlú láre lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n padà lọ ṣàyẹ̀wò ohun mẹ́ta, títí kan àwọn ibi àṣà ìbílẹ̀ àti ọgbà ìtura Mother Waldron. Ní oṣù Kejì 2014, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí ìdájọ́ ìlú, ẹjọ́ náà sì parí síbẹ̀.

Ìdìbò 2012

Láàrin àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí ni Cayetano jáde láti du ipò olórí ìjọba ìlú. Òun ni ọmọ Filipino àkọ́kọ́ tí ó di gómìnà ní Amẹ́ríkà, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat sì ni, nítorí náà kò rọrùn láti pè é ní ọ̀tá òṣìṣẹ́. Ó ṣèlérí pé òun yóò dá ọkọ̀ ojú irin dúró, òun yóò sì fi ètò bọ́ọ̀sì tí ó yára rọ́pò rẹ̀. Nínú ìbò oṣù Kẹjọ, òun ni ó ṣíwájú pẹ̀lú nǹkan bí 44 nínú 100, ṣùgbọ́n kò ré kọjá ìdajì. Ní oṣù Kọkànlá, Kirk Caldwell borí rẹ̀.

Kí ọdún náà tó parí, ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn láti fi bílíọ̀nù 1.55 dọ́là ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ohun tí àdéhùn náà sọ ni pé máìlì 20 àti ibùdókọ̀ 21, láti East Kapolei dé Ala Moana, yóò ná bílíọ̀nù 5.12. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó bá tún sọ pé kí wọ́n dúró yóò gbọ́ èsì kan ṣoṣo: a ti ná owó púpọ̀ jù láti padà.

Lẹ́yìn tí òpó ti dúró

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ní ìparí 2014, àjọ tí ó ń kọ́ ọkọ̀ náà kéde pé owó kò ní tó. Ní 2015, wọ́n sún òpin owó-orí náà láti 2022 sí 2027. Ní 2017, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe ìpàdé pàtàkì, wọ́n sún un dé 2030, wọ́n sì fi ìdá kan nínú 100 kún owó-orí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì fún ọdún 13. Owó hòtẹ́ẹ̀lì yìí kò mọ sí Oʻahu. Ó kan Maui, Kauaʻi àti erékùṣù Hawaiʻi, níbi tí ọkọ̀ náà kò ní dé láéláé. Ní 2021, ìṣirò kan gbé gbogbo iye owó lọ sí bílíọ̀nù 12.4. Nígbà tí kò sí ibi tí owó yóò ti wá mọ́, ìlú gé ọ̀nà náà kúrú: kò ní dé Ala Moana mọ́, ibùdókọ̀ 19 ni yóò ní, iye rẹ̀ yóò sì súnmọ́ bílíọ̀nù 10. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò tuntun yìí ní oṣù Kẹsàn-án 2022.

Àwọn alátìlẹ́yìn sọ pé ẹjọ́ àwọn alátakò ni ó dá iṣẹ́ dúró tí owó fi ga. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú èyí, nítorí pé agbaṣẹ́ṣe tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró a máa béèrè owó ìdádúró. Ṣùgbọ́n ìlú ni ó ti fọwọ́ sí àdéhùn iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ ní 2009, nígbà tí àṣẹ ìjọba àpapọ̀ kò tíì jáde. Nígbà tí ayẹ̀wé-owó-wò ìpínlẹ̀ ṣe àyẹ̀wò ní 2019, ó tọ́ka sí ìkánjú yìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ohun tí ó fa ìnáwó náà. Ẹni tí ó sọ pé kí a wo ilẹ̀ kí a tó gbẹ́ ẹ kọ́ ni ó dá ìdádúró sílẹ̀. Ẹni tí ó gbẹ́ ẹ kí ó tó wò ó ni.

Síbẹ̀, òdodo ìtàn kò jẹ́ kí a fi gbogbo àre fún àwọn alátakò. Wọn kò fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí ohun tí yóò rọ́pò ọkọ̀ náà: àwọn ayàwòrán ilé fẹ́ ọkọ̀ ojú irin tí yóò máa rìn lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, Slater fẹ́ ojú ọ̀nà àkànṣe fún bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ tí ó sanwó, Cayetano fẹ́ bọ́ọ̀sì. Èyí sì mú kí òṣìṣẹ́ Waiʻanae máa béèrè pé, bí kì í bá ṣe èyí, kí ni, nígbà wo sì ni? Ọkọ̀ náà pàápàá kò dúró síbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2025, ó dé pápákọ̀ òfuurufú àti Kahauiki, ibùdókọ̀ 4 sì kún 9 àkọ́kọ́.

Èkó àti Honolulu

Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí ilé. Èkó náà jẹ́ ìlú erékùṣù, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀ ní 2023, nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàrin Mile 2 àti Marina ní oṣù Kẹsàn-án, ìrìn kìlómítà 13. Ó ti lé ní ọdún 35 tí ìjọba ológun Muhammadu Buhari ti fagi lé Metroline tí Lateef Jakande dáwọ́ lé. Ní 1985 tí àṣẹ náà dé, kò sí ìwé ìbò, kò sí ilé-ẹjọ́ tí ó gbọ́ ẹnu ará Agége tàbí ará Ìsàlẹ̀ Èkó. Buhari kan náà, gẹ́gẹ́ bí ààrẹ alágbádá, ni ó wá ṣí ojú irin tuntun náà ní oṣù Kìíní 2023.

Bí a bá gbé ìlú méjèèjì ka orí ìwọ̀n, ohun tí ó yàtọ̀ hàn kedere. Ní Èkó, wọn kò fi pípa iṣẹ́ náà lọ aráàlú rárá. Ní Honolulu, wọ́n bi wọ́n léèrè lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n wọ́n ń béèrè nígbà tí iye owó kò tíì sí lórí tábìlì, tàbí nígbà tí òpó ti gba ojú ọ̀run. Ìbéèrè tí a kò fi iye lé kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju àìbéèrè lọ.

Ìgúnlẹ̀

Nínú gbogbo ìgbìyànjú láti dá ọkọ̀ ojú irin Honolulu dúró lẹ́yìn 2005, ìbò 2008 kò dá a dúró, ìbò 2012 kò dá a dúró, ẹjọ́ àwọn gbajúmọ̀ kò sì dá a dúró. Ẹjọ́ obìnrin kan lórí egungun àwọn baba ńlá rẹ̀ ni ó mú kí katakata sinmi fún ọdún kan. Kò béèrè pé kí wọ́n má kọ́ ọkọ̀. Ohun tí ó béèrè ni pé kí wọ́n mọ ohun tí ó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ilẹ̀, òfin sì ti kọ èyí sílẹ̀ fún òkú láti 1990. Fún àwọn alààyè tí wọ́n ń san owó-orí lórí ìrẹsì àti owó ilé, kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Wọn yóò máa san án títí di 2030.